Tírélà ọkọ̀ ojú omi jẹ́ẹ̀tì alumíníọ́mù

Tírélà ọkọ̀ ojú omi jẹ́ẹ̀tì jẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù onírin tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti fi gbé ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì láti ilé dé etí odò, láti sọ̀ ọ́ sínú omi, àti láti fà á jáde padà. Nínú àyọkà yìí, ọkọ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí ó kéré, tí gígùn rẹ̀ wà láàrin mítà 4 sí mítà 6, tí a fi alumíníọ́mù ṣe, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà nínú ikùn ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní Níu Sílándì, níbi tí a ti mú un dàgbà, ó sì wọ́pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní Alaska àti ní Kánádà.

Ọ̀rọ̀ náà «tírélà» lè ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ní Nàìjíríà, tírélà ni ọkọ̀ akẹ́rù gàgàrà elẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí ń gbé kọ̀ǹténà láti Apapa lọ sí òkè ọya. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní awakọ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà ju méjì tàbí mẹ́rin lọ. Ohun tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ní ojú pópó wa ni ẹ̀rọ amúnáwá onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ sí òde àríyá.

Yíyan tírélà tí ó bá ọkọ̀ mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì kékeré máa ń lo ọjọ́ púpọ̀ lórí tírélà ju èyí tí ó ń lò nínú omi lọ, ojú ọ̀nà tí ó sì ń gbà dé odò sábà máa ń jẹ́ ọ̀nà oko tàbí ilẹ̀ òkúta. Tírélà tí kò bá a mu lè tẹ abẹ́ ọkọ̀ wọnú, ó lè mú kí ojú ibi tí ajórin ti jó irin pọ̀ sán, ó sì lè bì ṣubú lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń fà á.

Irú ọkọ̀ tí tírélà yìí ń gbé

Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì kò ní pùròpẹ́là lábẹ́. Pọ́ńpù kan wà ní ìdí ọkọ̀ tí ó ń fa omi wọlé láti ẹnu ihò kan lábẹ́ ọkọ̀. Abẹ̀bẹ̀ tí ń yí nínú pọ́ńpù náà á fi agbára ti omi yìí gba ẹnu tóóró jáde lẹ́yìn, ọkọ̀ á sì máa lọ síwájú. Láti yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ẹnu tóóró náà ni awakọ̀ ń yí.

Ẹni tí ó sọ ọgbọ́n yìí di ohun tí ó wúlò lórí odò tí kò jìn ni William Hamilton (1899–1978), àgbẹ̀ olùsin àgùntàn àti onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń gbé ní Irishman Creek ní Erékùṣù Gúúsù Níu Sílándì. Àwọn odò agbègbè náà, bí Waitaki, Rakaia àti Waimakariri, máa ń pín sí ẹ̀ka púpọ̀ lórí ilẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́, omi inú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kì í sì í sábà jìn. Pùròpẹ́là kò lè pẹ́ níbẹ̀ kí òkúta tó gé e. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni Hamilton ti ń dán pọ́ńpù oríṣiríṣi wò, ó sì rí i pé bí omi bá ń tú jáde díẹ̀ lókè ojú odò dípò abẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ máa ń yá sí i. Ní 1960, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ gun odò Colorado láti ìsàlẹ̀ lọ sókè gba inú Grand Canyon ní Amẹ́ríkà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ṣáájú. Wọ́n fi oyè «Sir» dá a lọ́lá ní 1974.

Ìtàn yìí kan tírélà, nítorí pé ìrísí ọkọ̀ ni ó ń pinnu ohun tí yóò gbé e. Nígbà tí ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì bá ń sáré lórí omi, ó lè kọjá níbi tí omi kò ti ju bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Bí ó bá dúró ńkọ́? Ìwúwo rẹ̀ á mú kí ó rì sí i, yóò sì nílò omi tí ó jìn tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìyẹn kí ó tó léfòó. Ẹ́ńjìnnì àti pọ́ńpù rẹ̀ wà lápá ẹ̀yìn, nítorí náà ìdí ọkọ̀ wúwo púpọ̀ ju iwájú lọ. Lábẹ́, ní àárín gbùngbùn, ní apá ìdí, ni ẹnu ihò tí omi ń gbà wọlé wà, pẹ̀lú àwọn ọ̀pá irin tín-ínrín tí ń sẹ́ òkúta. Kò sí ohunkóhun nínú tírélà tí ó gbọ́dọ̀ tẹ ẹnu ihò yìí tàbí kọ́ mọ́ ọn.

Pákó tàbí rólà

Ìbéèrè tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù lọ láàrin àwọn ọlọ́kọ̀ nìyí. Ọ̀nà méjì ni tírélà lè gbà gbé ọkọ̀. Èkíní ni kí ọkọ̀ jókòó lórí pákó gbọọrọ méjì tàbí mẹ́rin tí ó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn tírélà. Irú èyí ni a ó máa pè ní pákó ìgbọ́kọ̀lé. Èkejì ni kí ó jókòó lórí àwọn rólà, ìyẹn àgbá kéékèèké onírọ́bà tàbí onípíláásítíìkì tí ń yí bí ọkọ̀ bá ń gun tírélà tàbí tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Rólà mú iṣẹ́ rọrùn. Ẹnì kan ṣoṣo lè fi ọwọ́ yí wíǹṣì kí ó sì fa ọkọ̀ gùn ún láì jẹ́ pé tírélà wọ inú omi púpọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìpẹja inú òkun fi ń lo tírélà olólà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí rólà fún ọlọ́kọ̀ ní ìrọ̀rùn, ó ń gbà á padà lára abẹ́ ọkọ̀. Ká mú ọkọ̀ tí ó wọn kìlógíráàmù 800 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bí rólà mẹ́jọ bá gbé e, tí ojú ibi tí rólà kọ̀ọ̀kan ti kan ọkọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìwọ̀n onígun mẹ́rin, ìwúwo kìlógíráàmù 10 ni yóò máa tẹ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí pákó méjì bá gbé ọkọ̀ kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 3, tí ó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ìwúwo tí yóò tẹ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan kò ní tó kìlógíráàmù 0.14. Ìṣirò yìí wà fún ìgbà tí tírélà bá dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó bá já sí kòtò lójú ọ̀nà, ìtẹ̀ náà lè di ìlọ́po.

Awẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́ ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì sábà máa ń nípọn láàrin mìlímítà 4 sí 6. Ó le ju ìkòkò alumíníọ́mù ilé ìdáná lọ fíìfíì, nítorí pé wọ́n lú u pọ̀ mọ́ mágínísíọ̀mù, ṣùgbọ́n ìwà kan ṣì wà lára rẹ̀ tí irin lásán kò ní: bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lemọ́lemọ́, bí títẹ̀ náà tilẹ̀ kéré, yóò rẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn, yóò sì sán. Ibi tí ó ti máa ń kọ́kọ́ sán ni ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó. Rólà tí ó bá bọ́ sí àárín egungun ọkọ̀ méjì, níbi tí awẹ́ náà kò ti ní ohun tí ó tì í lẹ́yìn, ni yóò ṣe irú ìpalára yìí.

Nítorí náà, fún ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì alumíníọ́mù, pákó ìgbọ́kọ̀lé ni ó dára jù, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a má lo rólà rárá. Rólà kan tàbí méjì ní àárín, ní ìparí ẹ̀yìn tírélà, wúlò láti gba iwájú ọkọ̀ nígbà tí ó bá kọ́kọ́ fẹ́ gùn, ó sì ń darí rẹ̀ sí àárín. Kí rólà máa darí, kí pákó sì máa gbé. Ṣùgbọ́n kí a wọn ibi tí rólà náà yóò wà nígbà tí ọkọ̀ bá ti jókòó tán, kí ó má baà wọ ẹnu ihò pọ́ńpù.

Ibi tí pákó wà ṣe pàtàkì tó pákó fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí pákó kọ̀ọ̀kan wà ní ìsàlẹ̀ egungun gígùn tí ó lọ láti iwájú dé ìdí ọkọ̀, kì í ṣe ní àlàfo àárín wọn. Kò gbọdọ̀ jókòó sórí àwọn etí tí ó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀, nítorí pé gbogbo ìwúwo á kó sórí etí tín-ínrín náà. Bí abẹ́ ọkọ̀ ṣe dagun sí ẹ̀gbẹ́ ni kí pákó ṣe dagun pẹ̀lú.

Ohun tí àwọn tí ń ra tírélà àlòkù sábà máa ń gbójú fò ni gígùn pákó. Pákó gbọ́dọ̀ dé ìparí ìdí ọkọ̀ gan-an, ó sì dára kí ó kọjá rẹ̀ díẹ̀. Bí pákó bá kú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ṣáájú ìdí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti pọ́ńpù yóò máa fa apá tí kò ní ìtìlẹ́yìn yìí wálẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Nígbà tó bá yá, abẹ́ ọkọ̀ kò ní tẹ́jú mọ́, apá ìparí rẹ̀ á tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja tí kò tíì ká tán. Ojú lásán lè má rí i, ṣùgbọ́n omi á mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń sáré, omi yóò máa ti ìdí rẹ̀ sókè, iwájú rẹ̀ á sì máa tẹ̀ bọ omi. Lórí odò tí ó ń ṣàn tete láàrin àpáta, ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ ń walẹ̀ kì í gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu, ó sì lè ṣàdédé yà sí ibi tí awakọ̀ kò fẹ́.

Ohun tí a fi bo pákó náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ni ó wọ́pọ̀ jù, ó sì rọ̀ lára ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, ó ń di iyanrìn mú, kì í sì í tètè gbẹ. Bí pákó abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi oògùn tọ́jú kí ikán àti ìjẹrà má baà mú un, ìṣòro náà á di méjì, nítorí pé bàbà wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn bẹ́ẹ̀. Bí bàbà àti alumíníọ́mù bá pàdé nínú omi, pàápàá omi iyọ̀, alumíníọ́mù ni yóò máa jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Ìlà ihò kéékèèké ti yọ lábẹ́ ọkọ̀ púpọ̀ ní ibi tí kápẹ́ẹ̀tì tútù ti ń kàn án. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a fi awẹ́ píláásítíìkì líle kan bo pákó. Kì í mu omi, òkúta kì í tètè há sí i, ọkọ̀ sì ń yọ̀ lórí rẹ̀ láì lo agbára púpọ̀.

Yíyọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Lórí pákó oníkápẹ́ẹ̀tì, ọlọ́kọ̀ lè tú okùn wíǹṣì kí ó tó dé omi, ọkọ̀ kò sì ní kúrò. Lórí pákó onípíláásítíìkì, bí ó bá tú okùn náà lórí ilẹ̀ tí ó dagun, ọkọ̀ lè yọ̀ lọ kí ó sì fi ìdí lu kọnkéré. Kí okùn àti ẹ̀wọ̀n iwájú wà ní síso títí ìdí ọkọ̀ yóò fi wọ omi.

Ìwúwo àti ibi tí ásùlù wà

Ásùlù ni ọ̀pá irin tí ó so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì tírélà pọ̀. Ibi tí ó wà láti iwájú sí ẹ̀yìn ni ó ń pinnu iye ìwúwo tí yóò tẹ orí ìkọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí ìwúwo orí ìkọ́ bá kéré jù, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún jù sósì bí ọ̀mùtí nígbà tí eré bá pọ̀, ó sì lè fa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà kúrò lójú ọ̀nà. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ á tẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tí ó ń darí á sì fúyẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn fún tírélà ọkọ̀ ojú omi wà láàrin ìdá 5 sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ ìwúwo tírélà àti ẹrù rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká sọ pé tírélà, ọkọ̀, epo àti ẹrù jẹ́ kìlógíráàmù 1,200 lápapọ̀, tí ásùlù sì wà ní mítà 5 sí orí ìkọ́. Bí àárín ìwúwo, ìyẹn ibi tí iwájú àti ẹ̀yìn ti dọ́gba, bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 níwájú ásùlù, a ó fi 0.4 sọ 1,200 di púpọ̀, a ó sì fi 5 pín in. Èsì rẹ̀ ni kìlógíráàmù 96, ìyẹn ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ti ásùlù sẹ́yìn pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 10 péré, ìwúwo orí ìkọ́ á di nǹkan bí kìlógíráàmù 118. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni ó fa ìyàtọ̀ kìlógíráàmù méjìlélógún yìí. Nítorí ìdí èyí, tírélà tí ásùlù rẹ̀ jẹ́ èyí tí a fi bóòtù dè, tí a lè tú kí a sì sún, dára ju èyí tí ajórin ti jó mọ́ ara irin lọ.

Ibí yìí ni tírélà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ mìíràn ti sábà máa ń já ọlọ́kọ̀ jẹ́ẹ̀tì kulẹ̀. Bí gígùn ọkọ̀ méjì tilẹ̀ dọ́gba, àárín ìwúwo wọn kì í dọ́gba. Ẹni tí ó bá ra tírélà nítorí pé gígùn rẹ̀ bá ọkọ̀ rẹ̀ mu ṣì ní láti gbé orí ìkọ́ rẹ̀ lé ìwọ̀n pẹ̀lú ọkọ̀ àti ẹrù lórí rẹ̀. Epo náà ṣe pàtàkì: lítà 100 epo bẹntiróòlù wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 75, ibi tí táǹkì bá sì wà ni yóò pinnu bóyá ìwúwo orí ìkọ́ á pọ̀ sí i tàbí á dínkù bí epo bá ń tán lọ. Kí a wọ̀n ọ́n nígbà tí táǹkì bá kún, kí a sì tún un wọ̀n nígbà tí ó bá ṣófo.

Ohun tí a fi ń ṣe férémù

Irin tí wọ́n rì sínú síńkì yíyọ́ ni ó wọ́pọ̀ jù ní Níu Sílándì. Síńkì náà á bo irin nínú àti lóde, bí ọ̀pá náà tilẹ̀ ní ihò nínú, bí òkúta bá sì ha á lójú kan, síńkì tí ó yí ibẹ̀ ká á ṣì máa dáàbò bo irin. Irin tí wọ́n kùn ní ọ̀dà lásán kò ní àǹfààní yìí. Kò sì pẹ́ rárá nínú omi iyọ̀.

Férémù alumíníọ́mù fúyẹ́ ju ti irin lọ, èyí sì dùn mọ́ ẹni tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ kò lágbára púpọ̀. Wọ́n sábà máa ń fi bóòtù dè é dípò kí wọ́n jó o, nítorí náà ó rọrùn láti sún pákó àti ásùlù rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé bóòtù lè tú bí tírélà bá ń gbọ̀n lójú ọ̀nà òkúta, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì nílò àyẹ̀wò. Bóòtù irin aláìdípẹtà tí ó kan alumíníọ́mù nínú omi iyọ̀ tún máa ń mú kí alumíníọ́mù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ. Lórí odò omi tútù, ìyẹn kò pọ̀ tó láti dẹ́rù bani. Fún ẹni tí ń gba ọ̀nà òkúta lọ sódò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, férémù irin onísíńkì ni ó fara da ìyà jù, bí ó tilẹ̀ wúwo.

Sípíríǹgì, táyà àti bẹ́ríìnì

Sípíríǹgì oníwé, ìyẹn èyí tí wọ́n fi awẹ́ irin pẹlẹbẹ tò léra, máa ń dípẹtà, ó sì máa ń dún, ṣùgbọ́n bí ó bá kán, a lè rí òmíràn rà ní ilé ìtajà èyíkéyìí, a sì lè pààrọ̀ rẹ̀ ní etí odò. Ásùlù onírọ́bà, tí rọ́bà wà nínú rẹ̀ tí ń lọ́ bí ẹsẹ̀ bá ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, rọ̀ lójú ọ̀nà, kì í sì í dún. Bí rọ́bà rẹ̀ bá kú, gbogbo ásùlù ni a ó pààrọ̀.

Táyà fífẹ̀ dára lórí òkúta wẹ́wẹ́ nítorí pé kì í tètè rì. Kí mọ́dígáàdì lágbára tó kí ènìyàn lè dúró lé e, kí ó sì bo táyà dáadáa: òkúta tí táyà ń jù sókè a máa lu abẹ́ ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn títí dé òpin rẹ̀.

Bẹ́ríìnì inú ẹsẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára tírélà ọkọ̀ ojú omi, ohun tí ó sì ń ba á jẹ́ yẹ ní mímọ̀. Lẹ́yìn ìrìn gígùn, ẹsẹ̀ tírélà á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì fẹ̀. Bí a bá rì í sínú odò tútù lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á súnkì lójijì, á sì fa omi wọlé gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tí ó dí ẹnu rẹ̀. Omi á wọ inú gírísì, bẹ́ríìnì á dípẹtà, lọ́jọ́ kan ẹsẹ̀ á há tàbí kí ó yọ lójú ọ̀nà. Ọ̀nà àbáyọ méjì ni ó wà. Ẹni tí kò kánjú lè dúró kí ẹsẹ̀ tutù kí ó tó wọ omi. A tún lè fi ìdérí onísípíríǹgì bo ẹnu ẹsẹ̀, èyí tí ń ti gírísì sínú nígbà gbogbo kí omi má baà ráàyè wọlé. Ìdérí náà kò rọ́pò àyẹ̀wò ọdọọdún.

Sísọ ọkọ̀ sódò níbi tí kò sí èbúté

Lẹ́bàá ọ̀pọ̀ odò tí ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ń lò, kò sí ojú ọ̀nà kọnkéré tí ó sọ̀ wọ omi. Etí odò òkúta wẹ́wẹ́ ni ọlọ́kọ̀ yóò bá, omi sì lè má jìn tó ìwọ̀n orúnkún títí yóò fi rìn jìnnà sínú rẹ̀. Nítorí èyí, tírélà ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kúrú lẹ́sẹ̀, kí pákó rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ bí ó bá ti ṣeé ṣe tó, kí ọ̀pá ìfà iwájú rẹ̀ sì gùn, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má baà wọ ibi tí òkúta ti rọ̀.

Àwọn kan ń lo tírélà tí ó ń ká láàrin. Bí a bá yọ ọ̀pá ìdènà rẹ̀, apá ẹ̀yìn á dagun sílẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á sì mú un yọ̀ wọ omi. Ó dára púpọ̀ níbi tí omi kò jìn, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ó ti ń ká jẹ́ ibi tí irin lè rẹ̀ sí, ọ̀pá ìdènà náà sì gbọ́dọ̀ ní ìkejì tí yóò dè é bí àkọ́kọ́ bá já. Ẹni tí ó bá máa ń lo èbúté kọnkéré nìkan kò nílò rẹ̀.

Ní gbígbé ọkọ̀ jáde, odò tí ń ṣàn máa ń ti ìdí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó jókòó. Ọ̀pá ìtọ́nà méjì tí ó nà sókè ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn tírélà ń ràn awakọ̀ lọ́wọ́ láti mọ ibi tí tírélà wà lábẹ́ omi, ó sì ń dá ọkọ̀ dúró ní àárín. Àwọn awakọ̀ kan fẹ́ràn láti fi agbára ẹ́ńjìnnì gun tírélà. Lórí ilẹ̀ kọnkéré, ewu rẹ̀ fún pọ́ńpù kéré. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, pọ́ńpù tí ń ṣiṣẹ́ nínú omi tí kò jìn yóò fa òkúta mọ́ omi, òkúta náà á sì gé etí abẹ̀bẹ̀ tàbí kí ó há sáàrin àwọn ọ̀pá irin ẹnu ihò. Wíǹṣì tí ó lágbára kò wọ́n tó abẹ̀bẹ̀ pọ́ńpù tuntun.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti jókòó, okùn wíǹṣì nìkan kò tó láti dè é. Kí ẹ̀wọ̀n mú iwájú ọkọ̀ mọ́ òpó wíǹṣì, kí bẹ́líìtì méjì sì fa ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ó má baà máa fò lórí pákó.

Òfin ojú pópó

Ní Níu Sílándì, eré tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń fa tírélà kò gbọdọ̀ kọjá ni kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Tírélà tí àpapọ̀ ìwúwo rẹ̀ kò kọjá kìlógíráàmù 2,000 kò pọn dandan kó ní bíréèkì tirẹ̀, bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń fà á bá lè dá àwọn méjèèjì dúró láàrin mítà 7 láti orí eré kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Ó pọn dandan fún èyí tí ó bá kọjá ìwúwo yẹn. Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì kékeré púpọ̀ wà nísàlẹ̀ ààlà yìí, ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà òkè tí ó gùn, bíréèkì wúlò fún èyí tí òfin kò tilẹ̀ mú. Tírélà náà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí àyẹ̀wò tí ó ṣì wà lójú iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀, 3,000 pọ́n-ùn (nǹkan bí kìlógíráàmù 1,360) sì ni ààlà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi lélẹ̀ fún bíréèkì.

Bọ́ọ̀lù orí ìkọ́ nílò ìkìlọ̀ tirẹ̀. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ ní Níu Sílándì: ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 50, èkejì jẹ́ íǹṣì kan àti ìdá méje nínú mẹ́jọ, ìyẹn mìlímítà 47.6. Ojú lásán kò lè tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹnu tírélà tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀lù ńlá á bo bọ́ọ̀lù kékeré, á dà bí ẹni pé ó ti dì í mú, á sì yọ nígbà tí tírélà bá já sí kòtò. Nǹkan tí ó kù láàrin tírélà àti jàǹbá nígbà náà ni ẹ̀wọ̀n ìdáàbòbò.

Tírélà àti àwọn ohun abẹ̀mí àjèjì inú odò

Ní 2004 ni wọ́n rí didymo, tí orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ Didymosphenia geminata, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Erékùṣù Gúúsù Níu Sílándì. Ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí ni, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, ó máa ń bo òkúta ìsàlẹ̀ odò bí òwú tí omi rin, ó sì máa ń yí ibùgbé àwọn kòkòrò tí ẹja ń jẹ padà. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lè gbé e láti odò kan dé òmíràn. Ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí a lè túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí «Yẹ̀ ẹ́ wò, Fọ̀ ọ́, Jẹ́ kí ó gbẹ»: ohun gbogbo tí ó bá wọ odò gbọ́dọ̀ di fífọ̀, tàbí kí ó gbẹ pátápátá kí ó sì tún wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 48 ó kéré tán kí ó tó wọ odò mìíràn. Ní 2023, wọ́n tún rí ìṣáwùrú àjèjì kan, Corbicula fluminea, nínú odò Waikato ní Erékùṣù Àríwá.

Ọkọ̀ alumíníọ́mù fúnra rẹ̀ tètè ń gbẹ. Tírélà ni kì í gbẹ. Kápẹ́ẹ̀tì orí pákó lè wà ní títutù fún ọjọ́ púpọ̀, omi sì lè dúró sínú ọ̀pá irin oníhò tí kò ní ibi tí omi lè gbà jáde. Fún ẹni tí ń lọ láti odò kan sí òmíràn ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà, férémù tí ó ṣí sílẹ̀, tí kò ní ihò tí omi lè fara pamọ́ sí, àti pákó onípíláásítíìkì tí a lè nù gbẹ, ni wọ́n lè mú kó pa òfin gbígbẹ yìí mọ́. Bí ọ̀pá férémù bá ní ihò nínú, kí a lu ojú kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìparí méjèèjì kí wọ́n tó rì í sínú síńkì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ihò tí a bá lu lẹ́yìn síńkì á ṣí irin sílẹ̀ fún ìpẹtà.